Fíìmù Ọdún 2022 Tí Mo Fi Etí Yèyé Wò

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní yunifásítì ní ọdún 2022 kò ní gbàgbé ọdún náà bọ̀rọ̀. Ọjọ́ 14 oṣù kejì ni ASUU bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì, ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ni wọ́n tó so ó rọ̀. Oṣù mẹ́jọ gbáko. Èmi kò tíì ṣe ìdánwò sáà àkọ́kọ́ rárá nígbà tí a di ẹrù wa padà sílé. Ìkẹ́rẹ́ ni mo lọ, sọ́dọ̀ ìyá tó bí ìyá mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Yèyé. Ìsẹ̀ ni wọ́n ti bí Yèyé, ọkọ ló gbé e wá sí Ìkẹ́rẹ́.

Ojú Yèyé ti ń ṣe bàìbàì nígbà náà. Ó lè rí i pé nǹkan ń rìn lójú fóònù, ṣùgbọ́n kò lè mọ ẹni tó jẹ́, áḿbọ̀ńtórí pé yóò ka ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ tó ń sá kọjá nísàlẹ̀. Nítorí náà, ohun tí à ń pè ní wíwo fíìmù nílé wa, gbígbọ́ ni. Màá gbé fóònù lé orí àpótí, Yèyé á fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn, èmi á jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Tí wọ́n bá ń sọ Yorùbá, mo dákẹ́. Tí wọ́n bá bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì, mo di ògbufọ̀.

Olóòtú wa ló ní kí n dárúkọ fíìmù tí ẹ lè wò ní ìsinmi yìí, kí n mú ọdún kan ṣoṣo, kí n má sì dúró sórí oríṣi eré kan. Mo mú 2022. N kò sọ pé òun ni ọdún tó dára jù. Ọdún tí mo wo fíìmù pẹ̀lú etí ènìyàn méjì ni, àti pé láàárín oṣù méje péré nínú ọdún yẹn, fíìmù ńlá mẹ́ta tó fi Yorùbá ṣe ohùn rẹ̀ jáde, tí gbogbo ayé sì wò wọ́n. Irú ẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́.

Àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta náà ni King of Thieves, tí orúkọ rẹ̀ ní Yorùbá ń jẹ́ Agẹṣinkólé. Ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ló dé sinimá. Ẹni tó bá fẹ́ wọ sinimá láti Ìkẹ́rẹ́, Àkúrẹ́ ló máa ń yá a, nítorí náà èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wọ mọ́tò lọ. Tọ́pẹ́ Adébáyọ̀ àti Adébáyọ̀ Tìjání ló darí eré náà. Fẹ́mi Adébáyọ̀ ló ṣe Agẹṣinkólé fúnra rẹ̀, Ọdúnladé Adékọ́lá, Tóyìn Abraham, Ibrahim Chatta àti Adédiméjì Lateef sì wà níbẹ̀. Owó tó pa ní sinimá lé ní mílíọ̀nù 300 náírà. Fún eré tí kò fi Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀, ìyẹn ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu, torí pé ohun tí wọ́n ti ń sọ fún wa láti ọjọ́ yìí ni pé Yorùbá kò lè kún ilé sinimá.

Ìlú kan tó ń jẹ́ Ajérọ̀mí ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Ìlú náà tòrò, ọrọ̀ wà níbẹ̀, àfi ìgbà tí ọ̀gá olè kan tó ń gun ẹṣin bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn ní ẹrù, tó ń kó wọn ní ènìyàn. Ọdẹ kò rí i mú, awo kò rí i mú. Mo fẹ́ràn ìjà rẹ̀, mo sì fẹ́ràn aṣọ wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eré náà ìbá ti dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ ká ní wọ́n gé e kù díẹ̀ láàárín.

Ẹ wo orúkọ yẹn ná. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a-, lẹ́yìn rẹ̀ gùn, ẹṣin, kó, ilé: ẹni tó ń gẹṣin lọ kó ilé onílé. Bí mo ṣe rí i lára ìpolówó, wọn kò fi àmì kankan sí i. Kí ló wá fẹ́ sọ fún ẹni tí kò mọ ìtàn náà pé kì í ṣe Agẹṣinkọ́lé, ẹni tó fi ẹṣin kọ́ ilé? Olè di bíríkìlà. Ẹ̀yin tí ẹ ń kùn ní kíláàsì pé kí ni àmì ohùn wà fún, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mi fi èyí sọ́kàn.

Nígbà tí mo rí eré náà gbé wálé, Yèyé gbọ́ ọ tán, ó ní wọ́n sáré jù. Ọfọ̀ ló ń bá wí. Ó ní àwọn bàbá tí òun gbọ́ lẹ́nu wọn ní Ìsẹ̀ kì í sáré pe ọfọ̀, wọ́n á sọ ọ̀kan, wọ́n á dúró, wọ́n á jẹ́ kó balẹ̀, kí wọ́n tó sọ èkejì. Mo padà lọ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú ojú dídì. Òótọ́ ni. Ojú ti tàn mí jẹ, iná àti èéfín inú eré náà kò jẹ́ kí n gbọ́ pé àwọn kan nínú wọn ń ka ọfọ̀ bí ẹni ń ka àkàsórí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Eré yẹn tún padà sẹ́nu wa lọ́nà tí n kò fẹ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2024, wọ́n pa ọba méjì ní Èkìtì, lọ́jọ́ yẹn kan náà ni wọ́n jí àwọn ọmọ ilé-ìwé àti àwọn òṣìṣẹ́ wọn gbé ní agbègbè Ẹmùré. Àwọn ọmọ náà padà wálé, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀ náà ló padà. Yèyé gbọ́ ọ ní rédíò. Ohun tó sọ ni pé, "Agẹṣinkólé rè é o." Láti ọjọ́ náà, tí mo bá fẹ́ gba ọ̀nà Ẹmùré lọ kí àwọn ará wa, kì í jẹ́ kí n kúrò nílé lẹ́yìn agogo méjì ọ̀sán.

Aníkúlápó ni èkejì. Netflix gbé e jáde ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án, ọ̀sẹ̀ méjì kí ìyanṣẹ́lódì tó parí. Kúnlé Afọláyan ló darí rẹ̀, agbègbè Òkè-Ògùn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n sì ti yà á. Ìtàn ìfẹ́ ni, ìtàn idán ni, ìtàn ìgbéraga ni. Sàró, tí Kúnlé Rẹ̀mí ṣe, jẹ́ ahunṣọ tó wá jẹun sí ìlú Ọ̀yọ́. Awarun, obìnrin ọlọ́rọ̀ tí Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé ṣe, gbà á sílé. Sàró tún lọ gbé ojú lé Arólákẹ́, olorì kékeré nínú ààfin, tí Bímbọ́ Adémóyè ṣe. Ẹ ti mọ ohun tó máa tìdí ẹ̀ yọ. Ó kú, ẹyẹ àkàlà kan jí i dìde, agbára jíjí òkú bọ́ sí i lọ́wọ́, lẹ́yìn náà orí rẹ̀ wú. N kò ní sọ bó ṣe parí.

Ohun tó kọ́kọ́ dá awuyewuye sílẹ̀ nílé wa kì í ṣe àjíǹde o. Aṣọ híhun ni. Yèyé gbọ́ pé ọkùnrin ni ahunṣọ náà, ó ní, "Ọkùnrin kẹ̀?" Yèyé hun kíjìpá nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, lórí òfì òòró tí wọ́n máa ń fẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri, èyí tó jẹ́ iṣẹ́ obìnrin ní ìhà tiwa. Aṣọ-òkè tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí ọkùnrin ń jókòó hun, tí òwú rẹ̀ nà lọ gbọọrọ níwájú rẹ̀, òun ni wọ́n ń hun nínú eré náà. Mo ní láti dá fíìmù dúró, kí n ṣàlàyé ohun tí mo ń rí, kí òun náà sì ṣàlàyé tirẹ̀ fún mi. Ó tó wákàtí kan kí a tó padà sórí Sàró. Títí di ọjọ́ yẹn, n kò mọ̀ pé Yèyé hun aṣọ rí. Inú àpótí rẹ̀ ni ọ̀kan wà, aláró dúdú, ó wúwo bí ẹní.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan nípa orúkọ eré náà, nítorí pé ó ti dá ìjà sílẹ̀ ní yàrá wa ní họ́sítẹ̀lì. Gbogbo wa ló ti ń túmọ̀ Aníkúlápò ti Fẹlá sí ẹni tó ní ikú nínú àpò. Kò burú. Ṣùgbọ́n Aníkúlápó ni wọ́n kọ sára fíìmù yìí, ohùn òkè ló parí rẹ̀. A-ní-ikú-ní-àpò yóò fún wa ní Aníkúlápò, torí pé tí a bá pa fáwẹ́lì ní jẹ, ohùn òkè rẹ̀ á bọ́ sórí à, ṣùgbọ́n pò kò ní kúrò ní ohùn ìsàlẹ̀. (Ẹ rántí pé ní máa ń di l níwájú fáwẹ́lì tí kì í ṣe i. Ìdí rèé tí a fi ní níkú, tí a sì ní lápò.) Ohun tó lè fún wa ní lápó ni apó, ìyẹn apó ọfà tí ọdẹ ń gbé kọ́ èjìká. Ẹni tó fi ikú sínú apó ọfà rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó kàn fi sínú àpò ṣòkòtò: ti ọdẹ yìí, ó ṣeé fà yọ kó sì ṣeé ta. Mo sọ èyí fún Yèyé pẹ̀lú ìgbéraga ọmọ ọdún kìíní. Ó ní ta ló ń fi ikú sí àpò tẹ́lẹ̀.

Ní AMVCA ọdún 2023, Aníkúlápó ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn fíìmù tó dára jù lọ. Mo fara mọ́ ọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí wọ́n bá ní kí n yan ọ̀kan péré nínú ọdún náà, n kò ní yan òun.

Ẹlẹ́ṣin Ọba ni màá yàn. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín kò ní gbà. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ó lọ́ra, wọ́n ní bí eré orí ìtàgé ló rí. Bẹ́ẹ̀ ni, torí pé orí ìtàgé ló ti wá. Ìwé Wọlé Ṣóyínká tó jáde ní 1975 ni Bíyì Bándélé sọ di fíìmù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ gan-an ni wọ́n gbé e lé. Ṣóyínká kọ ọ́ síwájú ìwé náà pé ọdún 1946 ni, ó sì sún un sẹ́yìn díẹ̀ kó lè bọ́ sí àsìkò ogun àgbáyé kejì. Ṣáájú Ṣóyínká pàápàá, Dúró Ladípọ̀ ti fi ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà ṣe Ọba Wàjà ní àwọn ọdún 1960, ní Yorùbá. Ọba wàjà, ẹlẹ́ṣin rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Ìlú ti múra, ìyàwó titun ti dé, ìlù ti ń dún, ni òyìnbó ajẹ́lẹ̀ bá ní kí wọ́n lọ mú un. Ọdúnladé Adékọ́lá ló ṣe Ẹlẹ́ṣin, Shaffy Bello ṣe Ìyálọ́jà, Brymo olórin sì ṣe Olóhùn-iyọ̀. Bándélé kò dúró wo bí wọ́n ṣe gbà á. Ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 2022 ló kú ní Èkó, oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n kọ́kọ́ fi fíìmù náà hàn ní Toronto. Ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá ló dé Netflix.

Èmi tí mo ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, ohun tó fà mí mọ́ra ni ìrìn-àjò èdè inú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni Ṣóyínká fi kọ ìwé náà, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì tó gbé Yorùbá pọ̀n sẹ́yìn ni. Gbogbo wa tí a kà á la mọ̀ pé a máa ń dá gbólóhùn rẹ̀ padà sí Yorùbá lọ́kàn wa kí a tó lóye rẹ̀. Fíìmù yìí dá a padà lóòótọ́. Ibòmíràn wà tí ó bọ́ sí i bí ọwọ́ ṣe ń bọ́ sínú ìbọ̀wọ́, ibòmíràn sì wà tí o máa gbọ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, bí aṣọ tí wọ́n yí po àmọ́ tí ilà àtijọ́ ṣì ń hàn. Ibi tí Olóhùn-iyọ̀ bá ti ń bá Ẹlẹ́ṣin sọ̀rọ̀, kò sí Gẹ̀ẹ́sì kankan lábẹ́ ẹ̀. Níbẹ̀ ni Yèyé ti dá mi lẹ́kun pé kí n yé ṣàlàyé fún òun, òun ń gbọ́.

Ohun tí kò dára tó nínú rẹ̀ ni ilé ajẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó méjèèjì gbẹ, ó le bí àkàrà àná. Ṣùgbọ́n Yèyé fẹ́ gbọ́ nípa ajẹ́lẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ, ìyẹn ló sì gbé wa dé ọ̀rọ̀ Ọlọ́wẹ̀. Ará Ìkẹ́rẹ́ àti Ìsẹ̀ tó bá ń ka èyí ti mọ̀ ọ́n: Ọlọ́wẹ̀ agbẹ́gilére, tí wọ́n bí ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè, tó dàgbà tó sì ṣiṣẹ́ fún Arìnjalẹ̀ ní Ìsẹ̀, tó kú ní 1938. Láàárín 1910 sí 1914, ó gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́. Lára ilẹ̀kùn kan, ó gbẹ́ Ògògà tó jókòó lórí ìtẹ́, ní apá kejì ó gbẹ́ ajẹ́lẹ̀ òyìnbó kan, Captain Ambrose, tí àwọn ènìyàn gbé sórí àga aláṣọ bí ẹrù. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ síbi ìpàtẹ ńlá ní Wembley ní 1924. British Museum fẹ́ ẹ, Ògògà sì gba àga ọba tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìpààrọ̀. Ibẹ̀ ló wà títí di òní. Ọ̀kan nínú àwọn òpó náà wà ní Chicago, ìyẹn èyí tí olorì dúró lẹ́yìn ọba tó jókòó.

Mo gbé àwòrán ilẹ̀kùn náà jáde lórí fóònù ní ọjọ́ yẹn, mo gbàgbé pé Yèyé kò lè rí i. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ọba rè é, adé rè é, ẹyẹ wà lórí adé, òyìnbó rè é, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà síta. Yèyé rẹ́rìn-ín. Ó ní Ọlọ́wẹ̀ ti wo òyìnbó yẹn dáadáa. Tí ẹ bá fẹ́ wo Ẹlẹ́ṣin Ọba, ẹ kọ́kọ́ wá àwòrán ilẹ̀kùn yẹn wò. Ajẹ́lẹ̀ inú fíìmù rò pé òun ló ń wo àwọn ènìyàn, kò mọ̀ pé wọ́n ti ń wo òun tipẹ́.

Àwọn tó kù, Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù nínú wọn, màá yára.

Ẹni tó bá fẹ́ ìbọn àti ọkọ̀ sísá, ẹ wo Brotherhood, tí Jade Osiberu ṣe jáde, tí Loukman Ali ọmọ Uganda darí. Ìbejì ni wọ́n, ọ̀kan di adigunjalè, èkejì di ọlọ́pàá. Tobi Bakre ni olè, Falz ni ọlọ́pàá. Falz yẹn, ọmọ Fẹ́mi Fálànà ni, ará Ìlawẹ̀, nítorí náà a lè sọ pé ọmọ wa ni, gúúsù Èkìtì kan náà. Yèyé kò bìkítà fún ìbọn. Ohun tó ń bi mí títí tó fi parí ni pé èwo ni Táíwò nínú wọn.

Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, Battle on Buka Street. Fúnkẹ́ Akíndélé àti Mercy Johnson jẹ́ ọmọ bàbá kan náà, ìyá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìjà orogún tí àwọn ìyá wọn jà ni àwọn náà gbé dé ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Oṣù kejìlá ló jáde, owó tó pa lé ní mílíọ̀nù 600 náírà. Tí o bá ń kọ́ àdàlù èdè, má wá ìwé mìíràn, wo eré yìí. Yorùbá, Ìgbò, Píjìn àti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń kó pọ̀, ẹ sì lè fi gbọ́ ìgbà tí inú ń bí ẹnìkan dé ọ̀gbun rẹ̀, torí èdè ìyá ló máa ń sá padà sí. Eré náà pariwo jù fún mi, àmọ́ ilé kún lọ́jọ́ tí a wò ó, àwọn aládùúgbò náà wọlé.

Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀rù, Dáre Ọláìtán ṣe Ilé Owó. Orúkọ ni ó fi jẹ́ Yorùbá. Ọmọbìnrin tó rí ọkọ olówó, tí ilé ọkọ sì ní nǹkan tí wọ́n ń fi pa mọ́ fún un. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀. Yèyé sùn.

Ti The Woman King, ẹ wò ó pẹ̀lú ọgbọ́n. Viola Davis ṣe balógun àwọn jagunjagun obìnrin Dahomey, ọdún 1823 ni wọ́n fi í sí, àwa ọmọ Yorùbá ni ọ̀tá. Ọ̀yọ́ ni wọ́n fi ṣe ìkà, Jimmy Ọdúkọ̀yà sì ni olórí wọn. Ó jọni lójú láti wo fíìmù kí o sì bá ara rẹ lápá ibi tí a kò fẹ́. Òótọ́ ni pé Ghezo gba Dahomey kúrò lábẹ́ ìṣákọ́lẹ̀ Ọ̀yọ́. Òótọ́ náà ni pé Dahomey fúnra rẹ̀ ta ẹrú gan-an, fíìmù náà sì fi ọ̀rọ̀ yẹn pa mọ́ sábẹ́ ẹní. Àwọn ará Ẹ̀gbá tí ogun Dahomey wá bá ní Abẹ́òkúta ní 1851 àti 1864 yóò ní ìtàn mìíràn láti sọ. Yèyé tiẹ̀ ní kí ni ti Ọ̀yọ́ kan òun, ogun tí wọ́n sọ fún òun nílé ni ti Kírìjí, Ìbàdàn ló bá Èkìtì jà.

Èyí tó kẹ́yìn kì í ṣe eré àdàkọ, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni: No U-Turn, ti Ike Nnaebue, tí wọ́n fi hàn ní Berlin lọ́dún náà. Nígbà èwe rẹ̀, ó fẹ́ gba orí ilẹ̀ lọ sí Yúróòpù, ó sì yí padà lójú ọ̀nà. Ó wá gbé kámẹ́rà lọ tún ọ̀nà náà rìn láti Èkó títí dé Morocco, ó ń bá àwọn tó ń lọ sọ̀rọ̀. Mẹ́ta nínú àwa mẹ́jọ tí a jọ ń kàwé lábẹ́ igi ní Ìkẹ́rẹ́ nígbà ìyanṣẹ́lódì yẹn ni kò padà sí yunifásítì mọ́. Méjì wà ní òkè òkun. N kò fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹnì kẹta.

Wàyí o, ìdí tí mo fi ń kọ gbogbo èyí. Nígbà tí mo ń túmọ̀ Brotherhood fún Yèyé, mo ní, "Ó ti padà sí ilé." Yèyé dáhùn, "Ulé." Mo tún sọ òmíràn, ó tún tún un ṣe. Ó kọ́kọ́ dà bí eré. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ara mi. Láti ọdún tí mo ti dé ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ torí pé mo ní ulé àti ugi níwájú kíláàsì, Yorùbá ìwé ni mo ti ń bá ìyá àgbà mi sọ. Ó ń gbọ́ mi, àmọ́ bí àlejò. Ọdún mẹ́tàlá, kò sọ nǹkan kan. Àfi ìgbà tí ojú rẹ̀ lọ, tó jẹ́ pé ohùn mi nìkan ló kù tó fi ń mọ̀ mí.

Èdè tí gbogbo fíìmù ńlá mẹ́ta yẹn ń sọ, Yorùbá àjùmọ̀lò ni, tí wọ́n fi ìdàgbàsókè rẹ̀ lé orí Ọ̀yọ́. Ó ní ìtàn. Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn, kó ipa ńlá nínú bí a ṣe ń kọ Yorùbá, Bíbélì odidi sì jáde ní 1884, ìwé ilé-ẹ̀kọ́ tẹ̀ lé e, rédíò tẹ̀ lé e, eré orí ìtàgé tẹ̀ lé e, fíìmù jogún gbogbo rẹ̀. Ó bá ààfin Ọ̀yọ́ mu tí Sàró bá ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Ajérọ̀mí jẹ́ ìlú tí ẹnìkan fi ọkàn rò. Kò sí ohun tó ní kí ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ rẹ̀ má ṣe sọ ọ́ bí ará Ẹmùré. N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ Èkìtì kan nínú fíìmù ọdún yẹn. Bí a bá sì gbọ́ ọ nínú fíìmù mìíràn, ará oko tó wá sí ìlú ni wọ́n máa ń fi sí lẹ́nu, kí a lè rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe fonọ́lọ́jì mọ̀ pé kì í ṣe àṣìṣe. Ibi tí Yorùbá àjùmọ̀lò ti ní i níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ, Èkìtì máa ń ní u. Àǹkóò fáwẹ́lì tiwa tiẹ̀ lágbára jù: odídẹ ni àwọn ń sọ, ọdídẹ ni tiwa, ó lọ ni tiwọn, ọ́ lọ ni tiwa, arọ́pò-orúkọ pàápàá ń bá ọ̀rọ̀-ìṣe jó. Olùkọ́ mi kò mọ èyí. Èmi náà kò mọ̀ títí mo fi dé ọdún kejì nínú ẹ̀ka wa.

Lórí rẹ̀ ni mo ń kọ àpilẹ̀kọ àṣekágbá mi. Mo ní kí Yèyé tún ìtàn Ẹlẹ́ṣin Ọba sọ fún mi bí wọ́n ṣe lè sọ ọ́ ní Ìsẹ̀, mo gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lórí fóònù, ó gba ìjókòó mẹ́sàn-án. Ó yí nǹkan padà. Nínú tirẹ̀, Ìyálọ́jà sọ̀rọ̀ ju Ẹlẹ́ṣin lọ, ajẹ́lẹ̀ kò sì rí ju gbólóhùn méjì sọ. Mo ti kọ ìjókòó mẹ́rin sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, márùn-ún ló kù, oṣù mẹ́ta ni mo sì ní.

Yèyé kò rí ìmọ́lẹ̀ mọ́ báyìí. Nígbà tí mo lọ sílé kẹ́yìn, ó ní kí n tún fi Ẹlẹ́ṣin sí i fún òun, kí n fo ibi àwọn òyìnbó. Mo gbé fóònù náà sún mọ́ etí rẹ̀ ọ̀tún, èyí tó ń gbọ́ dáadáa. Nígbà tí Olóhùn-iyọ̀ bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè kí n má mí sókè jù.